Bàtà Pupa Inú Agolo Kẹrin

                                        Yàrá Àkọsílẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn Kóòtù Àgbà,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

A wo fíìmù náà lánàá. Obìnrin tó mú bàtà pupa lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ló kún mi lẹ́nu tí n kò rí i gbé mì. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìkùn? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Èyí tó ń múra ìdánwò àṣekágbá nínú àwọn ọmọ ńkọ́, àbí fóònù ló ṣì ń kà dípò ìwé? Ara tèmi le. Ara Bàbá náà le; orí ni kò bá ara rìn mọ́.

Mo gbọ́ pé Àǹtí Aránṣọ sọ fún yín lórí fóònù pé Màmá wá lo ìsinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀yin náà mọ àbúrò Màmá yìí. Bí wọ́n bá ti ń rán aṣọ ni wọ́n ń rán irọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìsinmi. Ọjọ́ kejìlá rèé tí Màmá ti kó àpò méjì àti ìrọ̀rí wọn kúrò nílé. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìsinmi kì í gbé ìrọ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní kóòtù, láìfi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán. Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, Màmá ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn. Èmi ń ka ìwé ìròyìn. Bàbá wo Màmá títí, wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ lè bá mi bẹ ẹnì kan?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà" yìí ti mọ́ Màmá lára. Ó tó oṣù mẹ́fà tí Bàbá kì í fi gbogbo ìgbà dá wọn mọ̀ mọ́. Wọ́n dáhùn bíi nọ́ọ̀sì pé, "Ta la fẹ́ bẹ̀, sà?"

"Obìnrin kan ni. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́. Okùn bàtà ẹ̀ ti já, ó mú ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Bàtà pupa. Èmi ló ń dúró dè. Mo rí i, mo sì gba òdìkejì títì kọjá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọjá?"

"Mo ní ìdí kan nígbà náà, mà. Ìdí yẹn gan-an ni mi ò rántí mọ́."

Ni ẹkún bá gbọn Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí a sin ìyá wọn pàápàá, a kò rí omi lójú wọn. Màmá béèrè orúkọ obìnrin náà. Bàbá gbójú sókè, inú wọn dùn gan-an: "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Màmá rọra nu ẹsẹ̀ wọn gbẹ. Èékánná mẹ́ta ló kù lẹ́sẹ̀ òsì tí wọn kò tíì gé. Wọ́n lọ da omi nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin yìí. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì lòun ń wò níwájú."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Já-Tíkẹ́ẹ̀tì wá kí Bàbá. Ẹ rántí wọn, bàbá arẹ́rìn-ín tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá nígbà tí Bàbá ń yí fíìmù níbẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́ sílẹ̀. "Ìwọ akọ̀wé yìí, fíìmù nìyẹn! Fíìmù ni bàbá ẹ ń rò!"

Wọ́n ní fíìmù ìfẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń yí lọ́dọọdún, inú agolo pẹrẹsẹ mẹ́fà ló wà. Fíìmù inú agolo kẹrin jóná mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan. Láti ìgbà náà, bí agolo kẹta bá ti parí, Bàbá a tan iná, wọ́n a jáde kúrò nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń yí fíìmù, wọ́n a dúró níwájú aṣọ funfun ńlá náà, wọ́n a sì fi ẹnu ro gbogbo ohun tó wà nínú agolo kẹrin fún àwọn òǹwòran. Bí wọ́n bá parí, wọ́n a padà lọ ki agolo karùn-ún bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin mọ èyí? Èmi kò gbọ́ ọ rí.

Já-Tíkẹ́ẹ̀tì ní àwọn kan kì í tilẹ̀ wá torí fíìmù náà mọ́, àlàyé Bàbá ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá. "Àwọn obìnrin á máa sunkún! Ọkùnrin kan tiẹ̀ ju bàtà lu bàbá ẹ lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló dé tó fi kọjá!" Mo bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn wo agolo kẹrin kó tó jóná. Wọ́n ní, "Èmi? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń wà. Etí ni mo fi ń wo fíìmù."

Mo sáré lọ bá Màmá nílé Àǹtí. Wọ́n gbọ́ mi tán, iwájú orí wọn tú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé Màmá kì í ra ọjà inú àpò. Wọ́n ní, "Lọ wò ó wá. Bó bá jẹ́ fíìmù ni, lọ́jọ́ náà ni màá padà sílé, kí n lọ gé èékánná mẹ́ta tó kù. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, kó lọ pe onítọ̀hún kó wá gé e."

Bí mo ṣe dẹni tó ń wá fíìmù kiri nìyẹn. Ilé sinimá ti di ibi tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ni ín ti kó àwọn agolo náà fún ilé ìkàwé yunifásítì. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì yọ̀ǹda láti yí i fún wa lánàá. Àǹtí Aránṣọ tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣeré.

Fíìmù náà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ló fẹ́ràn obìnrin tó ń tẹ òǹtẹ̀ lé lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí agolo kẹta fẹ́ parí, wọ́n fi àdéhùn sí i pé àwọn yóò pàdé lórí àtẹ̀gùn ní aago mẹ́rin, kí wọ́n jọ lọ fi ara wọn han ìyá ọkùnrin náà. Agolo karùn-ún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Obìnrin náà ti ní ọkọ, ó gbé aago wá kí wọ́n bá a tún un ṣe, ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ aago nìkan. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àtẹ̀gùn. Àǹtí sunkún débi pé wọ́n fi tépù ìwọnṣọ ọrùn wọn nu imú.

A ṣí agolo kẹrin. Bébà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ lẹ́tà "g" bí ìwọ̀ ẹja. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Agolo kẹrin jóná lónìí. Ẹ̀bi mi ni. Ojú mi kò sí níbẹ̀." Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn.

Níbẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ rú mi lójú. Fíìmù dúdú òun funfun ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Níbo ni Bàbá ti wá rí pupa?

Àǹtí kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ìgbà tí wọ́n jókòó sídìí máṣíìnì ni wọ́n tó la ẹnu bá Màmá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí bàtà pupa mi? Èyí tí ọ̀gá mi fún mi nígbà tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́?"

Màmá ní, "Bàtà wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ mú un padà pẹ̀lú okùn jíjá, tẹ́ ò sọ ibi tẹ́ ẹ lọ."

"Èmi? Mi ò wọ bàtà pupa rí láyé mi."

"Ẹ wọ̀ ọ́!"

"Ìwọ tó ò mọ ibi tó o fi abẹ́rẹ́ sí láàárọ̀, bàtà àtayébáyé lo wá rántí."

"Abẹ́rẹ́ ò dùn mí tó bàtà."

Mo bi Àǹtí ní ọdún tó jẹ́. Wọ́n ka ìka, wọ́n ní ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó Màmá ni. Màmá ní kóòtù mi kì í jókòó nínú ilé, kí n dẹ́kun ìbéèrè. Wọ́n dìde lọ sí ilé ìdáná, wọ́n lọ ń fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ láàárọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n wá béèrè pé, "Lẹ́yìn tí bàbá ẹ kọjá, kí ló ní obìnrin yẹn ṣe?"

Mo sọ ohun tí Já-Tíkẹ́ẹ̀tì sọ fún mi: pé Bàbá máa ń sọ fún àwọn òǹwòran pé obìnrin náà dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilé ìfìwéránṣẹ́, títí iná títì fi tàn, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló kù lórí àtẹ̀gùn.

Màmá pòṣé. "Irọ́ ni. Kò dúró tó bẹ́ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ yìí. Mo mọ bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ti ń kà á ni n kò mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Màmá máa ń bá àwọn inú fíìmù jà bí ẹni pé wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Má ṣílẹ̀kùn fún un o, òpònú!" Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà nìyí, kí wọ́n kàn máa sọ pé kò sí obìnrin tó gbọ́n tí í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò wọ ilé sinimá yẹn rí, ibi iṣẹ́ ọkọ wọn, títí wọ́n fi tì í pa. Wọ́n ní ooru ibẹ̀ pọ̀. Láti kékeré ni mo ti gba ọ̀rọ̀ ooru yìí gbọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé Màmá fúnra wọn ni obìnrin náà, kí ló dé tí wọ́n fi béèrè orúkọ? Kí ló dé tí wọ́n fi di ẹrù? Ṣé obìnrin mìíràn ni wọ́n ń bínú sí ni, àbí ọkọ tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun bẹ àwọn fúnra wọn? Àbí àwọn náà ti gbàgbé, tó jẹ́ pé ẹnu Bàbá ló rán wọn létí? Tàbí kẹ̀, Bàbá ro fíìmù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi wọ̀ wọ́n lára, wọ́n kàn kun bàtà náà ní pupa. Tàbí kó jẹ́ pé nígbà tí agolo kẹrin jóná, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n kó sínú àyè tó ṣófo. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò rí ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ni ohun kan ṣoṣo tó kù wà. Ṣé ẹ rántí pósítà tí Bàbá fún yín nígbà tí ẹ ń lọ sí ilé ìwé tí ẹ ń sùn síbẹ̀? Ti fíìmù yìí ni. Já-Tíkẹ́ẹ̀tì ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún mi. Aláwọ̀ ni, àwọn tó ṣe fíìmù ló yà á, òun àti agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n jọ gbé wá kí ọ̀kan tó jóná. Já-Tíkẹ́ẹ̀tì búra pé obìnrin kan wà lórí àtẹ̀gùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún búra lọ́jọ́ náà pé èmi ni ẹ̀yin, nítorí náà n kò lè gbé e lé ojú wọn.

Mo rántí pé ẹ sunkún lórí pósítà yẹn, torí Màmá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí yín, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo bi Màmá ìdí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí yíǹkì má baà ba aṣọ yín jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí àpótí náà bá ṣì wà, ẹ fi aṣọ tútù lé e lórí kó rọ̀, kí ẹ sì rọra ká a láti igun. Ẹ má fi ọ̀bẹ sí i. Ẹ wò ó bóyá obìnrin náà wà níbẹ̀, bóyá ó mú bàtà lọ́wọ́, àti irú àwọ̀ tí bàtà náà ní. Bó bá jẹ́ pupa, Màmá ti ṣèlérí, wọ́n á padà sílé lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín bá dé. Bí kò bá jẹ́ pupa, n kò tíì mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Bàbá kò jẹ́ kí n gé èékánná mẹ́ta yẹn. Wọ́n ní, "Obìnrin tó máa ń gé e dà? Òun lọ́wọ́ ẹ̀ rọ̀."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti ìyá wọn. Ẹ sọ fún aláṣekágbá pé mo ń retí èsì tirẹ̀ náà. Àǹtí ní kí n kí yín, wọ́n ní aṣọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀yin náà mọ iye tí ẹ ó gbà gbọ́ nínú ìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé mo ń kọ̀wé sí yín, aṣọ ni wọ́n ń ká, wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Bi í bóyá àpótí yẹn ṣì wà." Mo ní ṣé kí n sọ fún yín pé àwọn ló ní kí n béèrè. Wọ́n ká aṣọ méjì mìíràn kí wọ́n tó dáhùn. "Ṣáà bi í."

Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,

Akọ̀wé.