Màmá Aláró Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Òfurufú Mọ Ẹ̀lú: Alhaja Rodiat Àrìnpé Abíọ́nà (1948–2025)

Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta, ni a bí màmá wa sí ní 1948. Bàbá wọn, Àbúdù Ògúnníyì, ń dáko lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá. Ìyá wọn, Mùjídàt, jẹ́ aláró. Ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n kà kí bàbá tó kú. Ẹni tó bá rò pé èyí sọ wọ́n di púrúǹtù kò tíì bá wọn jiyàn rí.

Ní 1969 wọ́n fẹ́ Alhaji Kamaldeen Abíọ́nà, awakọ̀ ní Láfẹ́nwá, tó ṣíwájú wọn lọ ní 2011. Ọkọ̀ Alhaji ló ń kó ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró wálé láti igbó Ògúnníyì, igbó ìdílé wọn lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá. A ṣì ń gbóòórùn ewé gígún yẹn. A ṣì ń rí apá màmá wa tó dúdú dé ìgbúnwọ́, tí ọṣẹ kankan kò ràn.

Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, àwọn ni ìyá ẹgbẹ́. Bí àlùfáà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á sọ ọ́ sí i létí.

Ní 2019, ìgbìmọ̀ ìjọba kan kọ̀wé sí ìdílé pé àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé igbó lásán ni igbó Ògúnníyì, pé kí a ro ó palẹ̀, kí a gbin igi tíìkì fún pákó. Àwọn àgbà ìdílé ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Màmá wa béèrè pé, “Ta ló dúró lófurufú tó já ewé rẹ̀ wò?”

Olùkọ́ yunifásítì kan, Dókítà Tolúlàṣẹ, gbọ́, ó gbé dróònù, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò láìní awakọ̀, dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára ewé. Ewé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ orúkọ. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un. Oṣù mẹ́ta ni màmá wa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, fi rin igbó náà, tí wọ́n ń já ewé, tí wọ́n ń fọwọ́ ra á, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Dókítà ní gèlè pupa wọn ń da ìmọ́lẹ̀ rú. Wọ́n ní, “Tolú, ẹ̀rọ tí gèlè arúgbó ń dà láàmú, òun lo fẹ́ kó mọ igbó?” Wọ́n ṣí i ṣá, wọ́n wé dúdú.

Oríṣi mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n pè lórúkọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ rí àwòrán tuntun tí ẹ̀rọ fi orúkọ wọ̀nyí yà, wọ́n gba ìwé wọn padà.

Ní Fẹ́búárì ọdún yìí, Dókítà gbé àwòrán mìíràn wá bá màmá wa lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó fi búlúù kun gbogbo ibi tí ẹ̀lú wà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ó ti dé etí odò.” Ẹ̀lú kò tíì débẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n papò dà.

Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Waheed, Ameenah, Mùtíù àti Àràmídé, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀ sáyé.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, Màmá Aláró. Ẹ̀lú ọdún yìí ti tó já. Àwa la ó lọ já a. Ẹ sùn re o.