Ère Òkúta Tí Ìyá Kúnlẹ̀ Kí ní Èkó

Babátúnjí, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. A délé láyọ̀. Iṣu ta, ibà ìyàwó mi ti lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìyá ṣì wú. Olùkọ́ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń tẹnu mi jáde.

O ṣeun tí o mú wa wo Èkó. A rí ọ̀sà, a rí ọkọ̀ òyìnbó tó ń rú èéfín. Ṣùgbọ́n irú ìwà wo lo hù níwájú ilé oníṣòwò yẹn? Ìyá rí ère òkúta lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i. Ṣé o ti gbàgbé pé ọmọ Ẹ̀ṣìẹ́ ni? Ta ló ń kọjá lára àwọn ère òkúta inú igbó wọn láìkí wọn bí àgbà? Ìwọ fà á lápá dìde: "Ìyá, ẹ má dójú tì mí!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín, o sì bá wọn rín in. Torí pé ilé rẹ la wọ̀ sí, mo pa á mọ́nú.

Láti ìgbà náà, Ìyá kò dárúkọ rẹ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú mi.

Fi òróró ìpara ẹsẹ̀ ránṣẹ́. Orí rẹ á gbè ọ́.

Nígbà ọdún ère ní Ẹ̀ṣìẹ́, má kọ́kọ́ yà sílé. Lọ sínú igbó, kí o dọ̀bálẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní àárín wọn lòun máa jókòó sí, òun ò sì ní dáhùn títí wàá fi kí wọn kan òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Májẹ́kódùnmí, Ọ̀mù-Àrán