Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Abúlé Fáṣínà, etí ọ̀sà, òdìkejì Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Mardiyah ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Asalamu alaikun. Baba rẹ ló ń kí ọ, ìyá rẹ Fàlílátù náà ń kí ọ, ó jókòó tì mí, ó ń wo gbogbo ohun tí mò ń kọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé orí ò fọ́? Ṣé ojú ò ṣú, ṣé ẹsẹ̀ gbé ọ dúró? Mo mọ̀ pé báyìí kọ́ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sọ́mọ, àlàáfíà la máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ó sì kọjá, ṣùgbọ́n àyà mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa, kò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún rẹ. Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Ẹja ń wọ àwọ̀n díẹ̀díẹ̀, òjò wó apá kan ibi tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja, a ti fi páànù ẹ̀gbẹ́ ilé tún un ṣe.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo sì sọ pé Baba ẹ jọ̀ọ́ mo wà ní mítìn, fóònù á sì dákẹ́. Lẹ́tà ò mọ mítìn. Síkírù tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú ló máa gbé e dé Lásunwọ̀n níbi tí ò ń gbé fún ọ láàárọ̀ ọ̀la, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó dúró títí o ó fi kà á tán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìnà. Nígbà tí o wá síbí lóṣù tó kọjá, ìyá rẹ se ìkọ́kọrẹ́, ó da ẹja yíyan sí i bí ẹni pé ẹja ò ní tán lódò mọ́, o ò fọwọ́ kàn án. O ní ààwẹ̀ lò ń gbà. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ní ẹ wo ọmọ mi, Ràmàdáánì ti lọ, ààwẹ̀ mẹ́fà tó máa ń tẹ̀lé e náà ti lọ, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó ń gbààwẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí a wá pe ìrun Màgíríbì, gbogbo wa bu omi mu, ìwọ gbé fóònù rẹ wò, o ní kò tíì tó àkókò. Mo jáde lọ wo ojú ọ̀run, ilẹ̀ ti ṣú. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo wá gbà pé oòrùn Ìkòròdú ni fóònù yẹn ń tẹ̀lé, pé bóyá lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún oòrùn kì í tètè wọ̀ nítorí ilé gíga pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bi Alfa Kabir, imáàmù wa, bóyá ẹni tó wá láti ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ dúró de oòrùn ìlú rẹ̀ kó tó ṣínu. Alfa fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí, ó ní òun ò bá irú ìbéèrè yìí pàdé rí láti ìgbà tí òun ti ń ké kéwú, ṣùgbọ́n ibi tí ìdí èèyàn bá wà, ibẹ̀ ni oòrùn rẹ̀ wà. N kò gbọ́. Ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo dìde nínú mọ́ṣáláṣí, mo kéde pé ọmọ mi obìnrin ń gba ààwẹ̀ kan tí kì í ṣínu nírọ̀lẹ́ bíi ti ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń kó àdúrà wá sílé wa pé kí o bá àwọn gbà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní mọ́kànlá. Ẹnì kan ń wá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ tó sọnù, ẹnì kan ń wá ọmọ, Fẹ̀hìntọlá tó ń ta epo sọ pé ìbàdí ń ro òun. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é n kò mọ̀, ìbàdí náà fúyẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ó sì gbé àkùkọ kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Àkùkọ náà wà lẹ́yìnkùlé báyìí. N kò lè dá a padà, n kò sì lè pa á jẹ, bó bá ti kọ láàárọ̀ ni ojú ń tì mí.

Lórí èyí la wà tí Ọláwùmí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, fi pè mí lọ́jọ́ Ajé. Má bínú sí i, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ tò sórí ìlà láàárọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú láti wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ti fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wọ̀ ọ́ tán, o sì ṣubú lulẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ló fi ìró wọn ṣíji bò ọ́, nígbà tí ojú rẹ là ni wọ́n po ṣúgà mọ́ omi fún ọ mu. Mardiyah, ọdún kẹrìnlélógójì rèé tí mo ti ń pẹja, mo ti rí ẹni tó rì lọ́sàn-án, mo ti rí ẹni tó rì lóru, n kò tíì gbọ́ ọmọ apẹja tó wọ ẹ̀wù omi tó wá rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo padà wálé lọ́jọ́ náà láìdẹ àwọ̀n.

Mo bi Ọláwùmí bóyá ààwẹ̀ yẹn ló pọ̀ jù. Ó ní Baba, kì í ṣe ààwẹ̀ o, ó fẹ́ di pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ó ní kóòṣì kan wà nínú fóònù, obìnrin tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dín ara kù, tí ẹ kò rí ara yín rí, òun ló ní kí o máa jẹ ẹyin kan àti kùkúmbà méjì lójúmọ́, kí o fi omi dí ìyókù. Ó ní gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ, wàá kọ ọ́ sínú fóònù, fóònù á wá sọ bóyá o ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí òmíràn, àti pé fóònù kan náà ń ka ìṣísẹ̀ rẹ látàárọ̀ dalẹ́. Kí ni ẹsẹ̀ ọmọ mi ṣe fún un? Èmi kò jẹ́ kí o tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, bí ẹja ò bá pọ̀, orí ẹja ni tèmi, àárín ẹja ni tìrẹ. Fóònù tí mo bá ọ dá owó rẹ̀ ni o wá ń tọrọ àyè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọláwùmí ní irun rẹ ń kún inú òòyà, o sì ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán. Ìyá rẹ ò sùn láti ọjọ́ náà.

Mo sọdá sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá Nọ́ọ̀sì Tóyìn ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ aláìsàn, mo kọ tìrẹ. Wọ́n ní kí aláìsàn bọ́ sórí ìwọ̀n. Mo yọ fọ́tò rẹ nínú àpò, èyí tí o yà lọ́jọ́ tí o ríṣẹ́, mo gbé e lé orí ìwọ̀n náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira rárá. Mardiyah, mo ní ó ti parí, kò sí nǹkan kan lára ọmọ mi mọ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ògiri mú, ó wá rí ojú mi, ó fà mí jókòó, ó ní kí n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, òun náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé kálórì mélòó lò ń jẹ. Mo ní n kò mọ irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ó ní iná tó wà nínú oúnjẹ ni. Èmi ti ń jẹ ẹ̀bà láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, iná kankan ò jó mi rí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní ara èèyàn dà bí ààrò tí kò gbọ́dọ̀ kú, bí a ò bá fún un nígi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa òpó ilé yọ sun. Ó ní kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, ẹran ara náà ń lọ, ọkàn tó ń lù láyà sì jẹ́ ẹran, ara á dé ọ̀dọ̀ òun náà. Ó ní ohun tó ń ṣe irun rẹ nìyẹn, òun ló fa òtútù àti òòyì, ó sì lè di òkúta sínú àpò òróòro. Ó tún sọ pé nǹkan oṣù lè dá dúró. Èyí kò yẹ kí baba bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ, mo ní kí ìyá rẹ kọ ọ́, ó ní òun ò mọ̀wé, nítorí náà èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tún ní ẹni tó bá fi ebi lé ara lọ, ara náà á padà wá, á tún mú ẹlòmíràn dání.

Kò ní kí o má dín ara kù o. Ó ní bó bá wù ọ́, ìdajì kílò lọ́sẹ̀, tàbí kílò kan, ó tó. Kí o jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀wà wà ńbẹ̀, kí ẹja wà ńbẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ̀bà kéré ju ti baba rẹ lọ, kí o sì máa rìn. Ó ní kí o kọ́kọ́ lọ bá dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn rẹ wò lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alfa Kabir, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tó ni Ràmàdáánì ní kí aláìsàn jẹun, ta wá ni kóòṣì.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ fò, ìyá rẹ ló ní n kò gbọ́dọ̀ fò ó. Ó ní nígbà tí òun fúnra òun pè ọ́ lánàá, o sọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ fún òun. Ó ní ọjọ́ Iléyá ni, nígbà tí mo fi ọkọ̀ mi gbé ìwọ àtàwọn èrò sọdá, tí o tẹsẹ̀ wọlé tí ọkọ̀ tẹ̀, tí mo pariwo pé kí gbogbo èrò sún sápá ọ̀hún, ọmọ Ìkòròdú ti dé, kí a má baà dojú dé. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, tìrẹ ló tilẹ̀ dún jù. Mo tún un sọ nígbà tí a gúnlẹ̀. Mardiyah, mò ń yangàn ni. Àwa mẹ́jọ ni ìyá mi bí, àwa méjì ló kù, mo mọ bí apá ọmọ ṣe ń rí bí kò bá sẹ́ran lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ohun tí mo gbọ́ ni pé èmi Fáṣínà bímọ, mo bọ́ ọ, ó sì yó. N kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni ìwọ gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́, ẹnu mi ló sì ti bọ́. Baba kì í sábà bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má bínú. O dára lójú mi bí o ṣe rí nígbà náà, wàá sì dára lójú mi bí o bá dín in kù díẹ̀díẹ̀. Orí ilẹ̀ Èbúté nìkan ni n kò fẹ́ rí ọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Má fi ti ìparí oṣù ránṣẹ́, fi jẹun. Káàdì ìpè ẹgbẹ̀rún méjì nìkan ni mo fẹ́ kí o rà ránṣẹ́ sí fóònù mi, ìdí rẹ̀ nìyí. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, bí o bá ti bu oúnjẹ alẹ́, pè wá, kí o wá máa jẹun kí a máa gbọ́. Má fi fọ́tò ránṣẹ́, Ọláwùmí ti sọ fún wa pé bí o bá ya fọ́tò oúnjẹ tán, ará ilé kejì lò ń gbé oúnjẹ náà fún. Má sọ̀rọ̀, kò pọn dandan, ìyá rẹ ní òun mọ ìró ẹnu rẹ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mú, o kò lè fi kùkúmbà tan òun jẹ. Bí owó bá tán lórí fóònù rẹ kí oúnjẹ tó tán, àwa á pè ọ́ padà, ohun tí káàdì wà fún nìyẹn.

Ọlọ́run á fún ọ lókun. Kò ní jẹ́ kí oúnjẹ di ọ̀tá rẹ, kò ní jẹ́ kí ara rẹ di ẹrù lójú ara rẹ. Ìwọ ni wàá sin wá, àwa kọ́ la ó sin ọ́. Àmín.

Lọ́la, a ó gbé fóònù sáàárín ẹní, a ó gbé abọ́ tiwa síwájú, a kò sì ní fọwọ́ kàn án títí a ó fi gbọ́ tìrẹ.

Èmi ni baba rẹ tó ti ṣanwọ́ sílẹ̀ dè ọ́,
Fáṣínà.