Wọ́n Ti Fi Imú Mi Ránṣẹ́ sí Ìlúpéjú

Muhydeen Àlàó, ọmọ mi,

Bí o ṣe jí lónìí ní àdúgbò Ọgbà tí ò ń gbé, ire ni kí o máa bá pàdé, kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ sí ibi tí ẹ ti ń yẹ àìsàn wò ní Ìlúpéjú. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà báyìí. Mo ní báyìí nítorí pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, ayọ̀ ló já sí.

Ikọ́ kan ló wọ abúlé wa, èmi ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ló ran Fàúsát, ọmọ Uswat àbúrò rẹ, tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ara ọmọ náà gbóná débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́fun. Ni Fatimah, nọ́ọ̀sì wa tuntun, bá wá sílé, ó ní òun fẹ́ yẹ imú wa wò. Mo ní àyà ló ń dùn wá, kí ló kan imú? Ó ní kí n ṣáà gbójú sókè. Ó ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó lówùú lórí bọ̀ mí nímú, mo sì sín lé e lójú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, ó ṣe é fún Suara aládùúgbò wa tó máa ń jókòó tì mí.

Ó wá kán omi sórí ike pẹlẹbẹ kan, nígbà tó ṣe díẹ̀, ike bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà. Temi fa méjì, ti Suara fa ẹyọ kan. Inú mi dùn, mo ní ike yìí mọ ìdílé, ó mọ̀ pé wọ́n bu pélé fún mi, Suara kò sì ní ilà kankan lójú. Suara fajú ro, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìkejì. Ìgbà náà ni Fatimah ní ẹni tó fa méjì ni àìsàn wà lára rẹ̀. Suara ní ẹyọ kan ti tó òun.

Ti Fàúsát náà fa méjì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Kíá ni nọ́ọ̀sì ti fún un lóògùn, ó ní kí a má jáde, ó sì ní ohun tí òun yọ nímú mi ń lọ sí Ìlúpéjú, wọn yóò gbé ìròyìn rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí àwọn dókítà gbogbo ayé lè rí i. Mo ní kò ṣeé ṣe, mo ti fa aṣáà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣé bí àwọn ará Japan yóò ṣe rí imú ìyá Muhydeen nìyẹn? Ó ní ìrísí kòkòrò àìsàn náà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe imú. Ó ní obìnrin kan nílẹ̀ òkèèrè ló jẹ́ kí wọ́n fi tirẹ̀ han aráyé, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ oògùn tí wọ́n fún Fàúsát.

Ẹni tí n kò mọ̀ rí ló bá mi gba ọmọ mi sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ejò lọ́nà oko, ó yẹ kó sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí Fatimah gba ti ihò imú kejì kún un.

Ara Fàúsát ti yá, ó da gààrí mi nù láàárọ̀ yìí, n kò lè bá a wí. Firíìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí nílé ìwòsàn wa ti kú, a sì ń dáwó láti ra òmíràn. Fi tìrẹ ránṣẹ́, kí o fi owó ọṣẹ mi lé e. Má fi gba inú fóònù o, fóònù Suara ni mo ń lò, yóò rí i nígbà tó bá wọlé.

Ọlọ́run yóò mú àìsàn kúrò láyé, tí ẹ kò fi ní rí nǹkan kan yẹ̀ wò mọ́ ní Ìlúpéjú, ṣùgbọ́n wọn yóò máa san owó oṣù yín nìṣó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá.