Ìwé Oríkì Tí Wọ́n Ní Ká Sun

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ má dárúkọ mi.

"Ìwé yìí nìkan tó láti dá gbogbo Ìbàdàn padà sínú òkùnkùn!" Ọ̀rọ̀ ńlá yìí jáde lẹ́nu alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé wa ní Bẹẹrẹ, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bàbá Ìjọ Oyèdélé. Ìwé oríkì ìdílé ni wọ́n ní ká sun, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kà.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n ka díẹ̀, kí ìgbìmọ̀ lè gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí a tó ṣáná sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i sí oríkì ìdílé Bàbá Ìjọ. Bí mo ṣe ń kà á ni orí wọn ń wú. Àfi gìrì tí wọ́n dìde: "Tíṣà, dúró! O ti fo ìlà kan!" Wọ́n sì fi ohùn gbé ìlà náà, ó dùn ún gbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí, akọ̀wé ìgbìmọ̀, bi wọ́n pé, "Bàbá Ìjọ, ṣé ká ṣáná ni, àbí ká dúró kí ẹ parí ẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ iná sì parí síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé náà padà fún àwọn ọmọ, ariwo ayọ̀ wọn sì dé Ọjà'ba.

Olóòtú, ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: níbo ni Bàbá Ìjọ ti kọ́ ìlà tí mo fò?