Ibi tí Omi Dé Lára Azeemah

Azeemah, ọmọ mi àtàtà,

Kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́ bá ọ pẹ̀lú ara líle ní Èkó níbi tí o wà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ, kò sì ní jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí kò dára nípa wa, àmín. Ara ìyá rẹ ti yá, ẹ̀yìn ló ṣì ń dùn ún díẹ̀díẹ̀. Adìyẹ rẹ ti pamọ, àṣá sì ti gbé ọ̀kan nínú wọn. Àṣá gidi ni mo ń sọ o, nítorí pé mo máa sọ̀rọ̀ àṣá mìíràn fún ọ láìpẹ́. Mo fi ìwé yìí rán Roqeeb onímọ́tò sí ọ nítorí pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, owó máa ń tán kí àdúà tó parí, a kì í sì í dé orí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú wá sí Ẹdẹ. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí odò máa ń gbà tí ó bá kún, kí wọ́n lè la ọ̀nà fún un, kí wọ́n gbin igi sí etí rẹ̀, kí wọ́n sì kó gbogbo ṣọ́ọ̀bù etí odò lọ sí ọjà tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí òkè lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, kí òwò ìlú lè gbérí, kí ọjà ẹnikẹ́ni má bàa bá odò lọ mọ́. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn, Ẹnjiníà Adébísí, kò sì lè jù ọ́ lọ púpọ̀. Mo ti rí ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí ìyá rẹ, tí kò sì gbọn aṣọ rẹ̀ nígbà tó dìde.

Wọ́n kọ́kọ́ rán àṣá onírin kan lọ sókè. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún ọ, nítorí ó lè má tíì dé Èkó. Ó ní ìyẹ́ mẹ́rin tó ń yí bíi fáànù, ó sì ní ojú kan ṣoṣo lábẹ́ ikùn. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń ya àwòrán, mo wọlé lọ dé fìlà tí o rà fún mi ní Iléyá. Ìyá rẹ ní kí n pààrọ̀ ṣòkòtò, mo ní kò pọn dandan, ẹni tó wà lókè, orí nìkan ló máa rí.

Lẹ́yìn náà ni Ẹnjiníà wọlé wá, ó ní tí odò bá kún, ibo ni omi máa ń dé nínú ilé wa? Azeemah, ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe omi wọ ilé ara rẹ̀? Mo ní kò ní dé ibi kankan, lágbára Ọlọ́run. Gbogbo agbo ilé ní àmín. Ó ní èyí tó kún lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Mo ní a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ní àmín. Òun náà ní àmín, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Àwáwù tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni kò ní ìtìjú. Ó gbá ìbàdí, ó ní ibi tó dé nìyí, pé orí tábìlì lòun sùn, tí ìkòkò òun ń léfòó kọjá lójú òun bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo bá a wí, mo ní ẹnu rẹ̀ yìí ni yóò pe odò padà wá. Ó ní odò kò létí, ìjọba ló létí, òun ò sì bá odò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán ìlú jáde ní gbọ̀ngàn, ibi ti Àwáwù pupa bí ata, ilé wa àti ṣọ́ọ̀bù mi sì tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo tilẹ̀ rí fìlà mi níbẹ̀, ó gún régé. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó mọ ilé ọmọlúàbí, mo sì ní kí Àwáwù lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí tirẹ̀ náà lè tutù. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé pupa ni ibi tí omi máa ń dé, pé àwọn ẹni pupa ni wọ́n ń la gọ́tà fún, àwọn náà ni wọ́n sì ń fún ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà tuntun. Aláwọ̀ ewé yóò dúró síbi tó wà. Gbogbo ọkọ́ àti àdá tí mo ń tà ló dógùn-ún nínú omi tó kọjá. Tí odò bá tún bá mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣọ́ọ̀bù tí mo fi rán ọ níléèwé ti parí nìyẹn.

Ọmọ náà ní kò burú, òun á padà wá sílé, kí n kàn sọ ibi tí omi dé, òun á tún un ṣe. Ó wá lóòótọ́. Ó bi mí. Mo la ẹnu, Ọlọ́run rí mi, àdúà ló tún jáde. Ó ní tí n kò bá fẹ́ sọ ọ́, kí n fi ọwọ́ tọ́ka. Mo gbé ọwọ́, ojú ọ̀run ni mo nà án sí. Ìyá rẹ ní àmín.

Ibẹ̀ ló ti rí fọ́tò rẹ, èyí tí o ti wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tí o gboyè, tí mo gbé kọ́ sísàlẹ̀ ògiri kí n lè máa rí ọ lójúkojú láti orí àpótí mi. Ó ní kí ló dé tí aṣọ ọmọ mi fi dúdú lókè, tó wá jẹ́ àwọ̀ ẹrẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀? Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún àlejò, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán an ní yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun náà wọ irú aṣọ yẹn rí, wọn kì í rán an ní àwọ̀ méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ yàrá dé orúnkún rẹ nínú fọ́tò, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ilé wa ti pupa báyìí, mo sì ń fi í yangàn. Wọ́n ti la gọ́tà dé ẹ̀yìnkùlé wa. Nígbà tí òjò rọ̀ níjọ́sí, omi gba ibẹ̀ lọ wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, mo dúró ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù mi hàn mí lọ́jà tuntun, ojú títì gan-an ló kọ sí. Àwáwù náà ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá Aláwọ̀-ewé ló ń pè mí.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àgádágodo fún ṣọ́ọ̀bù náà, kí n sì fi ra ọkọ́ tí kò dógùn-ún sínú rẹ̀. Má gba báńkì o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, fóònù han pé owó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Fún Roqeeb kó mú un bọ̀. Má sì ra férémù tuntun, Ẹnjiníà ní kí a má yọ fọ́tò yẹn kúrò níbẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nígbà òjò tó kọjá, rédíò ní omi ya wọ ilé àwọn èèyàn ládùúgbò yín. Mo pè ọ́, mo ní ṣé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ní kò ní dé ibi kankan. Mo ní àmín, mo sì sùn. Mo ti wá mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyẹn jẹ́, ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi: omi wọ ilé wa, ó dé orúnkún rẹ lára fọ́tò, ìyá rẹ ru ẹní lórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ náà, sọ ibi tó dé fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ ṣe àdúà.

Ọlọ́run yóò máa gbé ọ lékè omi, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àtàndá