Ìdí Tí Àrínọlá Kò Fi Sọ̀rọ̀ Nínú Kàtúùnù Wa

                                                  Ilé Iṣẹ́ Àwòrán Ògúnmọ́lá,
                                                  Òkè-Fìà, Òṣogbo,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  14 Oṣù Kẹwàá, 1997.

Ìyá Ìlérí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú ìmúra Ìkórè ìjọ yín. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ìlérí ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé láti Ìbàdàn? Ìléríolúwa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ìyá wa ní Ifẹ́wàrà ti ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí láìmú ọ̀pá dání. Inú mi dùn sí i. Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ padà sí oko kòkó o, orúnkún àgbà kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ rí. Ní tiwa níbí, ara le. Iná mànàmáná ló kàn ń ṣe wá bó ṣe wù ú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yé mi, kí n má baà dáhùn ohun tí o kò bèèrè. O ní o pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ jọ sí pálọ̀ yín láti wo ìtàn tí o kọ fún wa. Nínú ìtàn náà, Àrínọlá ló rí i pé igi tí wọ́n fi ṣe afárá odò ti jẹrà. Òun ló sáré ṣíwájú bàbá rẹ̀ tó ru kòkó, òun ló sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ẹ wò, Kòládé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Àrínọlá dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù lórí, ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ọmọ kan wá bi ọ́ pé, “Tíṣà, ṣé odi ni ọmọbìnrin yẹn ni?” O ní ojú tì ọ́. O ní kí n dá ìtàn kejì tí o fi ránṣẹ́ sí wa padà fún ọ, pé o kò fẹ́ kí wọ́n tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin fi fún ọkùnrin ní orúkọ rẹ.

Ìbínú rẹ tọ́. Wọ́n ti ya ìtàn yẹn tán kí n tó dé ibí ní oṣù Kẹjọ, nítorí náà èmi náà ní láti wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí mo rò pé màá rí ẹnì kan tó kórìíra ọmọbìnrin. N kò rí ẹnì kankan. Agolo ni mo rí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òṣèré tó bá dé orí ìtàgé, ẹnu rẹ̀ ló gbé wá láti ilé. Bí o bá fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tàbí ìwàásù odidi wákàtí kan, ẹnu kan náà ni yóò fi sọ ọ́. Ẹni tí a fi ọwọ́ yà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ohun kankan àfi èyí tí a bá fún un. A ó ya ojú rẹ̀ láìsí ẹnu, a ó sì wá ya oríṣiríṣi ẹnu sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara bíi dígí: èyí tó pa dé, èyí tó là gbàgà, èyí tó ká bí ẹni fẹ́ súfèé, èyí tó fẹjú sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí eyín bá ètè pàdé. Bí ohùn bá ṣe ń lọ la ó máa pààrọ̀ wọn lábẹ́ kámẹ́rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi dà bí ẹni pé àwòrán náà ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Nítorí náà a kì í ju ẹnu tí a bá ti yà nù. Olúkúlùkù ará inú kàtúùnù ló ní agolo tirẹ̀ lórí pẹpẹ, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ la ń kó ẹnu rẹ̀ sí fún ìtàn mìíràn.

Mo sọ gbogbo agolo náà kalẹ̀. Ti Kòládé kún dé ẹnu. Ti bàbá wọn náà kún. Ìyá wọn ní díẹ̀, ìwọ̀nba èyí tó lè fi sọ pé, “Ẹ wá jẹun.” Kódà àkùkọ ní tirẹ̀, ó lè kọ, ó lè jẹ ọkà, ó sì lè bú èèyàn. Nínú agolo Àrínọlá, méjì péré ló wà níbẹ̀: ti ẹkún àti ti ẹ̀rín.

Nùrẹ́nì ni mo kọ́kọ́ bi. Òun ló ń gé ìtàn sí wẹ́wẹ́, tó ń pín ọ̀rọ̀ fún ẹni tó máa sọ ọ́, kí a tó yà á, ọmọ Òṣogbo ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní, “Àǹtí, èmi ò bá obìnrin kankan jà o. Ìyàwó mi ń bẹ nílé, ẹ lè bi í léèrè. Agolo ni mo wò. Ẹni tó bá lẹ́nu ni mo fún lọ́rọ̀.”

Bó ṣe rí nìyẹn, Julianah ọ̀rẹ́ mi. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbí, Àrínọlá ṣubú, ó sunkún, wọ́n gbé e dìde, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀, nítorí náà wọn kò ya ẹnu tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí ìtàn mìíràn dé, kò ní ẹnu, nítorí náà wọn kò fún un lọ́rọ̀. Ó ń yí bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ìwà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò yàtọ̀: àwòrán ìrìn rẹ̀ tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí ni, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí èyí tó ń sáré. Báwo ni ìbá ṣe sáré ṣíwájú bàbá rẹ̀ lórí afárá? Àwọn tó ń wò ó nílé yóò sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ àìrí nǹkan fi sọ̀rọ̀ ni.

Mo kó agolo rẹ̀ àti ti Kòládé lọ bá Alàgbà Ògúnmọ́lá, ọ̀gá wa, ní ọ́fíìsì. O mọ̀ wọ́n, ará Iléṣà yín ni wọ́n, èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo da ti Kòládé sórí tábìlì, ó bo ìwé ìròyìn wọn. Mo da ti Àrínọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Àkùkọ ńkọ́?” Mo ní, “Àkùkọ jù ú lọ, sà.”

Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń retí ìtàn kejì kí oṣù yìí tó parí, ta ni yóò ya ẹnu, ta ni yóò kùn ún? Nùrẹ́nì ní kò le, kí Àrínọlá kàn kọ ẹ̀yìn sí wa kó máa sọ̀rọ̀, a kò ní rí ẹnu rẹ̀. Fàtímọ̀, tó ń fi ohùn Àrínọlá sọ̀rọ̀, já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ọmọ tó kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀ tó ń fèsì? Ìyẹn ò nílò ẹnu, ìgbátí ló nílò.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun náà kò fi tirẹ̀ ṣeré. Láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ yìí, ẹkún àti ẹ̀rín nìkan ló ń ṣe. Ó ní, “Sà, ìyá mi gbọ́ mi nílé tí mò ń dán ẹkún wò. Àwọn aládùúgbò ti ń wá kí wọn pé Ọlọ́hun á tù wọ́n nínú.”

A gbìyànjú láti yá ẹnu Kòládé fún un. Kò bójú mu rárá. Ojú rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu náà gba àgbọ̀n rẹ̀ kan, ó dà bí ẹni tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Níkẹyìn, Alàgbà ní kí n ya ẹnu tó tó fún gbólóhùn kan péré. Bí àwọn bá wò ó tí ó bá wọ àwọn lójú, Àrínọlá yóò sọ̀rọ̀ nínú ìtàn rẹ kejì. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lójú, Kòládé yóò sọ ọ́, kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú.

Mo ní kí Fàtímọ̀ jókòó síwájú dígí, kó máa ka ọ̀rọ̀ tí o kọ fún Àrínọlá, kí n máa ya ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kejì, èyí tí ó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló lè tún un ṣe. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ọ, ṣùgbọ́n o kò ní fẹ́ kí n fi pamọ́.

Nínú ìtàn rẹ kejì, Kòládé ṣí ọgbà sílẹ̀, ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ irúgbìn kòkó tí bàbá wọn gbìn. Bàbá fẹ́ na Kòládé. Àrínọlá wá dìde, ó ṣàlàyé ìwúlò sùúrù fún bàbá, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń sé ọgbà. Fàtímọ̀ kà á dé ìdajì, ó dúró. Ó ní, “Àǹtí, ọmọ yìí kì í purọ́ ni? Kì í jí ẹran nínú ìṣasùn? Bí ìyá ìjọ ló ń sọ̀rọ̀.” Mo tún un kà lẹ́yìn tó lọ tán. Òótọ́ ló sọ. Kòládé ṣàṣìṣe nínú rẹ̀, bàbá ṣàṣìṣe, kódà ewúrẹ́ ṣe ohun tó wù ú. Àrínọlá nìkan ni kò fẹ́ nǹkan kan, tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, tí kò sì ṣi nǹkan kan ṣe. Àwọn tó ṣáájú wa ya ọmọ tí kò lè ṣe ju kó sunkún lọ. Ìwọ náà, níbi tí o ti ń fẹ́ gbé e ga, kọ ọmọ tí kò lè ṣe ju kó gbani nímọ̀ràn lọ. Nínú méjèèjì, a kò mọ ẹni tó jẹ́.

Ohun tí mo rò nìyí, kí o gbé e yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ Àrínọlá ló ṣí ọgbà yẹn ńkọ́? Ó fẹ́ wo ìtẹ́ ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ lẹ́yìn ọgbà, ó gbàgbé láti sé e. Bàbá ti ka ẹ̀bi sí Kòládé lọ́rùn, nítorí òun ló sábà máa ń gbàgbé. Pàṣán ti wà lókè. Bí Àrínọlá bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ibẹ̀ ló ti ní láti lanu.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin máa sọ, ṣé ẹ̀bi ló máa fi gbà ni? Mo ti rò ó. Ìdáhùn mi ni pé ìmọ̀ràn kì í ná ẹni tó ń gbani ní nǹkan kan, ẹkún kì í sì í ṣe ìpinnu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lè dákẹ́ kó sì là á, tó wá sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni pàṣán fẹ́ bà, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ yóò mọ irú ẹni tó jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. N kò fi ọwọ́ kan ìtàn rẹ o. Ìwọ lo ni í. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó wà nínú èyí tí o kọ ni mo yà, nítorí ó bá méjèèjì mu: “Bàbá, ẹ dúró.”

Àná la fi han Alàgbà. Nùrẹ́nì tan tẹlifíṣọ̀n kékeré, Fàtímọ̀ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò lè wò ó. Àrínọlá sọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí wa, ó ní, “Bàbá, ẹ dúró.” Ibẹ̀ ni téèpù parí.

Alàgbà ní, “Mo ti dúró. Kí ló dé?”

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Kí ló fẹ́ sọ fún mi?” Mo ní n kò tíì mọ̀, sà, Iléṣà ni ẹni tó ń kọ ọ́ wà. Wọ́n ní kí n kọ̀wé kíákíá.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Ìtàn rẹ wà nínú àpòòwé yìí, n kò fi ìkankan pamọ́. Bí o bá gbà á padà, tìrẹ ni, n kò sì ní bínú. Bí o bá tún un kọ, fi rán awakọ̀ tó mú èyí wá, yóò dúró gba èsì lọ́wọ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní ti Àrínọlá, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyókù ẹnu rẹ̀. Bóyá o kọ̀wé tàbí o kò kọ, n kò ní dá a dúró.

Bá mi kí Bàbá Ìlérí, kí o sì fi ẹnu ko Ìléríolúwa lẹ́nu fún mi. Kí ìyá wa ní Ifẹ́wàrà. Fàtímọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má bínú sí òun.

Èmi tí ó ń retí rẹ,

Àbídèmí Béjidé.